Ẹsẹ̀ Ọ̀gá Gbọ́lágadé Lórí Àpótí Ọ̀dà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jókòó dáadáa. Kí ẹni tí bẹ́líìtì rẹ̀ bá fún tètè tú u, torí tí ẹ̀rín bá so ìfun ẹnikẹ́ni kọ́, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ o. Bí ọ̀gá ńlá kan bá sì wà láàárín yín, kó fọkàn balẹ̀, kì í ṣe òun là ń bá wí. Ẹni tí à ń bá wí kúrú jù ú lọ díẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni Gbọ́lágadé Adésànyà, ọmọ Ìperu, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Lọ́dún 1969 ni. Ìbọn ṣì ń dún lọ́nà jínjìn, ṣùgbọ́n Port Harcourt ti ń mí. Ọkọ̀ òkun ti ń fọn fèrè ní wọ́ọ̀fù, àwọn ọmọ wa oníkọ́sítọ́ọ̀mù, ọlọ́pàá àti sójà sì ti kún ìlú bí ẹja gbígbẹ inú agbọ̀n. Ìgbà náà ni ìjọba rán Ọ̀gá Gbọ́lágadé wá láti Èkó. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ní kó wá ṣe? Kó jẹ́ kí àwọn ọmọdé tí ogun ti kó láyà jẹ máa yàwòrán, kí wọ́n máa kàwé, kí wọ́n sì máa kọ ìtàn tinú ara wọn. Iṣẹ́ gidi ni. Iṣẹ́ kì í burú fúnra rẹ̀, èèyàn ní í bà á jẹ́.

Wọ́n fún un ní gbọ̀ngàn kan ní Borokiri, níbi tí wọ́n ń kó èkùrọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá ṣe fún àwọn ọmọ náà ni pé ó ní kí wọ́n kọ orúkọ oyè òun sí ara ògiri: Ọ̀GÁ ÀGBÀ PÁTÁPÁTÁ, ALÁBÒÓJÚTÓ ÌTANIJÍ ỌPỌLỌ, ÌMỌ̀-Ọ́N-ṢE ÀTI ÀRÒJINLẸ̀ ÀWỌN MÀJÈṢÍ. Oyè náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ògiri iwájú tán. Ẹni tó ń kọ ọ́ bá ṣẹ́rí gba kọ̀rọ̀, ó parí ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ilé, lẹ́bàá ibi tí àwọn obìnrin ń sá ìsáwùrú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ Ọ̀gá tán gbọ́dọ̀ rìn yí ilé ká.

Ohun kejì ni àga. Báńkì kan ti ṣófo nígboro, wọ́n sì rí àga kan níbẹ̀, èyí tó ga bí igi àgbọn. Bí Ọ̀gá ṣe gun orí ẹ̀, tó rí àtàrí gbogbo ènìyàn láti òkè, ó ní, "Ẹ̀n-hẹ́n! Ibi tó yẹ mí nìyí." Wọ́n gbé àga náà sí iwájú gbọ̀ngàn, wọ́n sì gbé tábìlì gíga kan tì í. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: ẹsẹ̀ Ọ̀gá ò kanlẹ̀. Ó kàn ń fì dirodiro bí ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n gbé sí ẹ̀ka máńgòrò.

Ọlọ́run ò gbàgbé ọmọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ kó àpótí mẹ́ta aláwọ̀ ewé dé láti Èkó. Ọ̀dà ló wà nínú wọn, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, bébà funfun àti ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n kó wọn sábẹ́ tábìlì ná. Ó gbẹ́sẹ̀ lé wọn. Ẹsẹ̀ balẹ̀ wẹ́rẹ́!

Nọ́fíù, akọ̀wé rẹ̀, ló kọ́kọ́ pariwo. Ẹnu Nọ́fíù yìí, tí ẹ bá fi pọ́n òkúta, òkúta á rò pé òun ni wúrà. Ó ní, "Háà, Ọ̀gá! Àwọn tó kan àpótí yìí, ẹsẹ̀ yín ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n! Ẹ wo bó ṣe jókòó! Ọba kan ò ní irú ẹ̀!"

"Má pariwo, Nọ́fíù," ni Ọ̀gá wí, "àwọn aráyé á jowú."

Àpótí ò kúrò níbẹ̀ mọ́ o.

Olùkọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Ibiere, ọmọ Okrika tó dàgbà sí Èbúté Mẹ́ta, tó ń fi Yorùbá bá èèyàn jà, tó ń fi Pidgin parí ẹ̀. Òun ló ń fi èédú kọ́ àwọn ọmọ láti yàwòrán sórí sìmẹ́ńtì, òun ló sì ń fẹnu sọ ìtàn fún wọn, torí ìwé ò sí. Ó lọ bá Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àpótí yẹn ńkọ́? These pikin dey ask me every day. Ọ̀dà ni wọ́n fi rán yín, kì í ṣe àpótí ìtìsẹ̀."

Ọ̀gá Gbọ́lágadé wúkọ́. Tó bá ti wúkọ́ báyìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ń bọ̀.

"Arábìnrin Ibiere," ló wí, "ọ̀dà tí ọmọdé ò tíì fọwọ́ kàn ni ọ̀dà tó mọ́. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, ọgbọ́n inú ẹ̀ pé pérépéré. Tí a bá wá ṣí i, tí ọgbọ́n ń jò dànù ní Borokiri níbí, ta ni ìjọba máa mú?"

"Ọgbọ́n ń jò dànù kẹ̀?"

Nọ́fíù mi orí. "Á jò, Auntie. Ọgbọ́n fúyẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Yàrá àlejò ta ni wọ́n kó àwo tó dáa sí, tí àwọn ọmọ ilé ń fi ike jẹun? Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Òfin kan tún wà tí Ọ̀gá gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀: ọmọdé kì í wo àgbà lójú. Bó bá ti wọlé tó wúkọ́, kí obìnrin kúnlẹ̀, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí gbogbo wọn kọjú sílẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbórí sókè títí Ọ̀gá á fi jáde. Àwọn ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Borokiri? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Dagogo, ọmọ apẹja kan, dọ̀bálẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá rọra bi Ibiere pé, "Auntie, wetin fall for ground wey all of us dey find?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé, títí ọ̀rọ̀ fi dójú ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Èkó bá bi Ọ̀gá léèrè lórí tẹlifóònù, ohun tó ń wí ni pé, "Ọ̀dà ń ṣiṣẹ́! Àwọn ọmọ ń yàwòrán débi pé ògiri ò gbà á mọ́!" Èkó gbà á gbọ́. Ìyáàfin Ọlábísí, ìyá àgbà tó jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ wọn, tó ní kí wọ́n fi àpótí wọ̀nyẹn ránṣẹ́, ní òun ń bọ̀ wá wò ó. Ó ní tí ohun tóun rí bá dùn mọ́ òun, Ọ̀gá Gbọ́lágadé máa di olùdarí l'Ékòó, pẹ̀lú mọ́tò àti dírẹ́bà.

Mọ́tò! Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá ò sùn dáadáa. Nọ́fíù bá a lórí àga gíga yẹn tó jókòó gbọọrọ, tó ń juwọ́ sí afẹ́fẹ́ bí ẹni tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Nọ́fíù ò bèèrè nǹkan kan. Ó kàn bọ́ síwájú, ó ń fẹnu dún, "Píìn! Píìn!" ó ń la ọ̀nà fún un.

Ibiere rí àyè. "Ọ̀gá, ìyá náà ń bọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká ṣí àpótí báyìí, kí wọ́n rí nǹkan fi hàn. Now now!"

Lóòótọ́, Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti na ọwọ́ sí àpótí. Ṣùgbọ́n ó wá rí i lójú ara rẹ̀: Ìyáàfin Ọlábísí wọlé, àpótí ti lọ, òun lórí àga, ẹsẹ̀ ń fì dirodiro. Ó gbọ́wọ́ padà.

"Rárá," ló wí. "Ayàwòrán gidi kì í nílò ọ̀dà. Èédú wà. Búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ wà. Epo pupa wà, ewé tútù wà, bébà àpò sìmẹ́ńtì náà wà. Ẹ lọ fi ìyẹn yà á. A ó sọ fún wọn pé ó ti inú ọ̀dà wá."

"Kí ni kí wọ́n yà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, ohun tó dára jù ló ń fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n ya èmi."

"Ó ti tán!" ni Nọ́fíù kígbe. "Kí ló tún kù láyé tí wọ́n máa yà!"

Ibiere dúró sán-ún. "Ọ̀gá, ẹ ní wọn ò gbọdọ̀ wò yín lójú. How dem go draw wetin dem no fit look?"

"Kí wọ́n fi ojú inú wò mí," ni Ọ̀gá dáhùn. "Ojú ìta jẹ́ ti àwọn tí ò ní ẹ̀kọ́ ilé."

Lọ́jọ́ ìyàwòrán, Ọ̀gá wọ agbádá tó le bí páànù, ó gun àga, ó gbé àgbọ̀n sókè sí àjà bí ẹni ń retí kí òjò kán sí i lẹ́nu. Àwọn ọmọ wà nílẹ̀, àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn kan dojú bolẹ̀, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan sìmẹ́ńtì. Ọ̀gá ń wo aláǹgbá lókè àjà. Àwọn ọmọ ń wo abẹ́ tábìlì. Ẹ ò rí i pé ìpàdé náà dọ́gba?

Dagogo fa aṣọ Ibiere. "Auntie, I no see im head o."

"Kí lo rí?"

"Shoe."

Ibiere gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun kan fẹ́ bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Ohun tí ojú ẹ bá rí ni kó o yà," ló wí. "No add, no remove."

Nígbà tí wọ́n parí, Ọ̀gá kọ̀ láti wò ó. Ó ní ọba kì í yọjú wo adé nílé alágbẹ̀dẹ. Nọ́fíù ló lọ wò ó. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó jáde láìsí ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tó ti ń pọ́n òkúta láti ọjọ́ yìí gbẹ fúú.

"Báwo ló ṣe rí?" ni Ọ̀gá bèèrè.

Ẹ gba tiẹ̀ rò ná. Ẹni tí kò bá Ọ̀gá sọ òótọ́ rí, ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀? "Ọ̀gá… wọ́n yà yín láti ìpìlẹ̀."

"Láti ìpìlẹ̀! Àwọn ọmọ yìí jinlẹ̀."

"Wọ́n jinlẹ̀, sà. Wọn ò tíì gòkè."

Ọ̀gá ti ń fẹnu dún píìn-píìn, kò gbọ́ ìyẹn.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn òbí dé, oníkọ́sítọ́ọ̀mù dé, àwọn obìnrin ìsáwùrú fi iṣẹ́ sílẹ̀ wọlé. Ìyáàfin Ọlábísí náà wọlé, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn, pẹ̀lú sójà mélòó kan tí ń ṣọ́ ọ nítorí ogun. Sájẹ́ńtì Augustine ni olórí wọn, ọkùnrin kan tí kò sí ohun tó ń dẹ́rù bà á láyé bí kò ṣe nǹkan tó ń bú gbàmù.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí àga. "Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀, àwọn tí ọ̀wọ̀ ń wọ́ lẹ́yìn, àti ẹ̀yin tí ọ̀wọ̀ ò tíì bá pàdé! Nígbà tí mo dé ìlú yìí, òkùnkùn wà nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Mo wúkọ́, ìmọ́lẹ̀ sì dé! Èmi ni odò, àwọn ni kòtò! Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́!"

Nọ́fíù fa aṣọ tó bo ògiri.

Bàtà.

Bàtà ló kún ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàtà dúdú, bàtà búlúù, bàtà elépo pupa. Ẹsẹ̀ tó tóbi bí ọkọ̀ ojú omi, ẹsẹ̀ tín-ín-rín bí ti lékeléke. Ìbọ̀sẹ̀ méjì tí ò bára mu, ti ìgbà tó yọ bàtà sinmi, ọ̀kan ti lu lójú àtàǹpàkò, ìka ń yọjú wo ìta. Lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àpótí aláwọ̀ ewé. Lókè orúnkún, òfìfo bébà.

Ìyáàfin Ọlábísí rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe.

"Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, orí yín dà?"

"Orí mi… ó ń bọ̀, Mà."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni, Mà," ni Nọ́fíù gbà á sọ.

Ọ̀gá rí mọ́tò tó ń sá lọ. Ó ké pe Kíkẹ́, ọmọ oníkọ́sítọ́ọ̀mù kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, pé kó tètè wá ké ọ̀rọ̀ ìyìn tí Nọ́fíù kọ fún un. Kíkẹ́ jáde. Port Harcourt ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, Pidgin ló ń fi lálàá. Ó ní, "Ìwọ àràbà ribiti tí… tí ìjì… tí ìjì ò…" Ó dúró. Ó wo òkè. Ìjì ti gbé gbogbo ẹ̀ lọ.

Ìyáàfin Ọlábísí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wọn fi dọ́gba. "Ọmọ mi, fi tiwọn sílẹ̀. Ṣé ìwọ fúnra ẹ ti kọ nǹkan rí?"

Ojú Kíkẹ́ tàn. "Yes, Mà. Auntie ní ká kọ ohun tá a rí." Ó yọ bébà kékeré kan nínú bùbá rẹ̀, ó sì kà á sókè, ketekete:

"Ọ̀gá wa ní ẹsẹ̀ méjì. Ọ̀kan ń jẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ń jẹ́ òsì. Wọn ò tíì kanlẹ̀ rí. Orí àpótí ni wọ́n ń gbé. Inú àpótí ni ọ̀dà wa ń gbé. Ní alaalẹ́, ẹsẹ̀ máa ń lọ sílé, ṣùgbọ́n ọ̀dà ò lè lọ ibì kankan. Mo ń káàánú ọ̀dà. Ó tán."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìsáwùrú, ló bá ràn mọ́ gbogbo ilé bí iná ọyẹ́. Ìyáàfin Ọlábísí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí tábìlì.

"Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò. Kí ló wà nínú àpótí yẹn?"

Ẹ̀yin ará, òótọ́ wà nítòsí rẹ̀ o. Gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti gun òkè tó bẹ́ẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ máa ń le fún un.

"Ẹ má sún mọ́ ọn, Mà!" ni Ọ̀gá kígbe. "Ọ̀rọ̀ ìjọba ni! Nǹkan… nǹkan tó lè bú gbàmù ló wà níbẹ̀!"

Ó yẹ kó rántí ìlú tó wà. Ó yẹ kó rántí ọdún tó wà.

"BỌ́M̀BÙ!" ni Sájẹ́ńtì Augustine ké. "Everybody down! Down!"

Gbì! Sójà dọ̀bálẹ̀. Oníkọ́sítọ́ọ̀mù dọ̀bálẹ̀. Àwọn obìnrin fi agbọ̀n ìsáwùrú bo orí. Ìyáàfin Ọlábísí wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀. Nọ́fíù ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pariwo. Ó ku Ọ̀gá nìkan lórí àga, tó mọ̀ pé ọ̀dà ni. Kí ni kó ṣe? Bó bá jókòó, irọ́ tú. Ló bá fò bọ́ sílẹ̀, ó na gbalaja pẹ̀lú agbádá, ó tẹ imú mọ́ sìmẹ́ńtì. Ọ̀gá Àgbà Pátápátá dọ̀bálẹ̀ fún irọ́ tòun fúnra rẹ̀.

Ta ló wá kù lóòró? Àwọn ọmọ. Àwọn mọ ohun tó wà nínú àpótí. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ìpàkọ́ gbogbo àgbà Port Harcourt.

"Auntie," ni Dagogo bèèrè, "wetin fall again?"

Ibiere wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé ẹ̀rín ń bọ́. Dagogo àti Kíkẹ́ bá wọ abẹ́ tábìlì, wọ́n di àpótí kan mú, wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀.

"Leave am! Una wan kill us?" ni Sájẹ́ńtì ń ké láti ilẹ̀.

Ìdérí ṣí. Wọ́n wo inú ẹ̀. Kíkẹ́ mú agolo kan, ó ṣí i, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó gbé ìka sókè.

"Red!" ló pariwo.

Ohun tó bú gbàmù lọ́jọ́ náà kò ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ ya bo àpótí bí esú. Yẹ́lò! Gíríìnì! Ẹ wo ìwé, ẹ wo kìnnìún nínú ẹ̀! Sájẹ́ńtì Augustine dìde, ẹnì kan sì ti fọwọ́ búlúù pa á lójú kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyáàfin Ọlábísí jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó gbọn aṣọ, ó lọ dúró lórí Ọ̀gá tó ṣì na gbalaja.

"Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, ẹ dìde. Kò bú mọ́."

"Mà, mo ń… mo ń dáàbò bo ọ̀dà ni."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ibì kan wà létí òkun tí wọ́n ń wá ẹni tí á máa ṣọ́ ìgbì. Ìgbì kì í wo àgbà lójú. Ibẹ̀ máa bá yín lára mu."

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbọ̀ngàn lé Ibiere lọ́wọ́. Lójú ẹsẹ̀ kan náà ni Nọ́fíù ti dé iwájú rẹ̀. "Háà, Auntie! Mo ti ń wí i láti ọjọ́ yìí! Ẹ wo bí ìdúró yín ṣe dà bí òpó iná!"

"Nọ́fíù."

"Auntie mi!"

"Go wash brush."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ọ̀gá Gbọ́lágadé máa lọ wọkọ̀ ojú omi, ó ní kí alábàárù tó ru ẹrù rẹ̀ dúró dè é díẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n kí òun kẹ́yìn, ká má parọ́. Ó tún agbádá ṣe, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó wúkọ́.

Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn kan ń kàwé, wọ́n ń jíròrò kìnnìún. Àwọn kan dùbúlẹ̀ lórí bébà, wọ́n ń ya odò, wọ́n ń ya ọkọ̀, wọ́n ń ya ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ó tún wúkọ́, èyí tó tóbi, èyí tí wọ́n ń fi ṣí ìpàdé.

Kíkẹ́ ló fèsì. Kò gbójú sókè, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ò sì dúró.

"Uncle, ẹ ti dí ìmọ́lẹ̀ o. Abeg, shift small."

Ọ̀gá Gbọ́lágadé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí Nọ́fíù níbẹ̀ tó máa bá a túmọ̀ ẹ̀ sí nǹkan míì.

Ó sún.